Iná pápá ti ń kan ògiri ilé: bí ètò ilẹ̀ ṣe lè dáàbò bo àwọn àdúgbò etí Ìbàdàn

Bí ọyẹ́ bá ti mú dáadáa, màjàlà á bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sórí aṣọ tí wọ́n sá síta ní Mọ́níyà, ní Àrúlógun, ní Àpẹ̀tẹ̀, títí dé ọ̀nà Ìdó. Ẹni tó bá gbé oko rí mọ ohun tó ń sọ: pápá ń jó níbì kan. Nígbà kan rí, ibì kan yẹn jìnnà. Oko wà lóko, ilé wà nílé, ẹni tí màjàlà bá já sí lára á kàn gbọn aṣọ rẹ̀ ni. Nísinsìnyí, ilé ti wọnú oko lọ bá pápá. Èèsún ti fẹ̀yìn ti ògiri yàrá àwọn mìíì, bí iná bá sì ran èèsún yẹn, ẹni tó ń sùn nínú yàrá ló kàn.

Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń kìlọ̀ fún wa lórí rédíò pé ká má dáná sun igbó. Ìkìlọ̀ náà dára, kí wọ́n má dá a dúró. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ iná pápá di àjálù ní àyíká Ìbàdàn ni bí a ṣe ń gé ilẹ̀, bí a ṣe ń tà á, àti bí a ṣe ń kọ́lé sórí rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gé oko kan sí púlọ́ọ̀tì ni wọ́n ti pinnu, bóyá wọ́n mọ̀ tàbí wọn ò mọ̀, bí iná ṣe máa rìn níbẹ̀ àti bóyá ọkọ̀ panápaná á ráyè wọlé.

Ibi tí igbó ti ń parí tí ọ̀dàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ni Ìbàdàn wà. Ìhà gúúsù, lọ́nà Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà Àrà, ilẹ̀ kòkó ni. Bí a bá kọjá Mọ́níyà tí a dorí kọ Ọ̀yọ́, koríko á máa pọ̀ sí i. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, òjò á dá, atẹ́gùn gbígbẹ á máa fẹ́ bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, gbogbo ohun tí òjò mú hù á sì gbẹ lórí ìdúró. Èèsún a máa ga ju èèyàn lọ. Ewé Akíntọ́lá, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀, kì í pẹ́ gba ilẹ̀ tí a bá fi sílẹ̀ láìro. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá le, á gbẹ gbinrin, iná rẹ̀ a sì máa le ju ti koríko lásán lọ.

Ẹ̀rí ohun tí iná ń ṣe sí irú ilẹ̀ yìí kò jìnnà sí wa rárá. Ní Olókemejì, nínú igbó ọba tó wà láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka igbó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní 1929. Wọ́n pín ilẹ̀ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n ń sun apá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ṣì ní omi díẹ̀ lára. Wọ́n ń sun apá kejì nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn fẹ́ parí, tí gbogbo nǹkan ti gbẹ tán. Wọn ò sì jẹ́ kí iná dé apá kẹta. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ibi tí iná ò dé ti ń di igbó, igi ti borí koríko. Ibi tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ṣì jẹ́ koríko pẹ̀lú igi díẹ̀. Èyí tí wọ́n ń sun ní kùtùkùtù wà láàárín àwọn méjèèjì.

Mo fẹ́ràn ìwádìí Olókemejì yìí gan-an, nítorí ó ṣàlàyé ohun tí ojú wa ń rí lójoojúmọ́ tí a kò fọkàn sí. Ilẹ̀ tí a bá ń sun lọ́dọọdún, koríko ni yóò máa hù, koríko yẹn ni yóò sì tún jó lọ́dún tó ń bọ̀. Púlọ́ọ̀tì tí olówó rẹ̀ ò tíì kọ́ lẹ́yìn ilé yín, tí àwọn ará àdúgbò ń ti iná bọ̀ lọ́dọọdún kí ejò má baà sá pa mọ́ síbẹ̀, irú ilẹ̀ yẹn gan-an ni. Iná tí a fi ń lé ejò ló ń tọ́jú koríko fún iná ọdún tó ń bọ̀.

Ta ló ń dá iná náà? Àwa èèyàn ni, lọ́pọ̀ jù. Àgbẹ̀ tó ń sun oko kó tó kọ ebè wà níbẹ̀, ọdẹ tó ń lé òyà jáde wà níbẹ̀, darandaran tó fẹ́ kí koríko tútù yọ wà níbẹ̀. Ẹni tó ń wa oyin, ẹni tó ń sun èédú, wáyà iná mànàmáná tó ń gbá ara wọn lókè tí ẹ̀ta rẹ̀ ń já sínú igbó, gbogbo wọn wà níbẹ̀. A máa ń yára dẹ́bi fún ọdẹ àti darandaran. Lójú tèmi, ẹni tó kó pàǹtí sẹ́yìn ògiri, tó ṣáná sí i, tó wá wọlé lọ jẹun, òun ló sún mọ́ ilé jù nínú gbogbo wọn, òun la kì í sì í dárúkọ.

Ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìlànà kan jáde lórí dídáná sun igbó ní 2011, NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, ló ń mójú tó o. Síbẹ̀ òfin kankan ò lè mú kí iná dá pátápátá lórí ilẹ̀ koríko. Nínú gbogbo ilẹ̀ tí iná ń jó lágbàáyé lọ́dún, ilẹ̀ Áfíríkà ló ní èyí tó ju ìdajì lọ, torí pé ọ̀dàn wa fẹ̀, iná sì jẹ́ irinṣẹ́ àgbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Iná á ṣì máa jó. Ohun tó kù fún ẹni tó ń ṣètò ìlú láti bi ara rẹ̀ ni pé, bí iná bá dé, kí ló máa bá níbẹ̀?

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ọ̀wọ́ iná ńlá tó ń rìn bọ̀ ló ń jó ilé. Àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà rí i pé ẹ̀ta iná àti ẹyinná wẹ́wẹ́ tí atẹ́gùn ń gbé kiri ló ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé náà, wọ́n sì lè fò ju kìlómítà kan lọ ṣáájú iná gan-an. Ẹ wo ilé kan tó wọ́pọ̀ létí ìlú. Búlọ́ọ̀kù ni ògiri rẹ̀, páànù ló wà lórí rẹ̀, ó jọ pé iná ò lè rí nǹkan mú níbẹ̀. Ẹ wá sún mọ́ ọn. Àlàfo wà láàárín ògiri àti páànù, nítorí owó ò tíì tó láti dí ẹnu òrùlé. Pákó gbígbẹ ló gbé páànù yẹn dúró, síìlì ọ̀rá ló wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tó máa ń yọ́ tó sì máa ń kán sílẹ̀ bí ooru iná bá dé ibẹ̀. Lẹ́yìn ilé, jẹnẹrétọ̀ wà nínú àgọ́ kékeré, kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pákó tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n dà dẹ́kìn, wọ́n tò ó sára ògiri. Ẹyọ ẹyinná kan tó bá wọ inú àlàfo yẹn, tàbí tó bọ́ sórí pákó yẹn tó sì jókòó síbẹ̀, ti tó.

Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ ṣe ń ka àyíká ilé ní ìpele. Nǹkan bíi mítà kan àbọ̀ sí ara ògiri, kò gbọdọ̀ sí ohun tó lè jó níbẹ̀ rárá. Títí dé mítà 10, koríko gbọdọ̀ kúrú, ewé gbígbẹ ò sì gbọdọ̀ kó jọ. Títí dé mítà 30, igbó ò gbọdọ̀ so kọ́ra. Àwọn ìyá wa tó máa ń gbá ẹ̀yìnkùlé títí ilẹ̀ á fi mọ́ fẹẹ ti mọ ìpele àkọ́kọ́ yẹn tipẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ejò àti àkekèé ló wà lọ́kàn wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ti ètò ilẹ̀ nìyí. Púlọ́ọ̀tì kan ní Ìbàdàn, 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100 ni a sábà máa ń rí. Ìyẹn kò ju nǹkan bíi mítà 15 sí 30 lọ. Ẹ gbé ilé kalẹ̀ sí àárín rẹ̀, mítà mélòó ló kù lẹ́yìn ilé? Mítà 30 tí a ń wí ti wọnú ilẹ̀ aládùúgbò lápá ọ̀tún, ó ti wọ ti apá òsì, ó ti kọjá ti ẹni ẹ̀yìn. Onílé lè gbá ìpele àkọ́kọ́ mọ́ fúnra rẹ̀. Ìpele kẹta kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó ya léáòtù ló wà.

Nínú ọ̀pọ̀ léáòtù tó wà ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ìdó, ẹni tó ra ilẹ̀ lè wà ní Èkó tàbí ní òkè òkun. Ó rà á kí owó rẹ̀ má baà jó lọ. Kò ṣetán láti kọ́lé fún ọdún mélòó kan. Nítorí náà, ilé á wà níbí, igbó á wà níwájú rẹ̀, ilé méjì á tún wà, igbó mìíràn á tẹ̀ lé e. Iná ò nílò igbó ńlá láti rìn nínú irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Láti púlọ́ọ̀tì kan sí èkejì ló ń gbà, àwọn ilé sì wà láàárín. Mo gbà pé èyí ni olórí ewu tó wà ní etí Ìbàdàn lónìí, ó sì burú ju igbó tó wà lóko gangan lọ, nítorí kò sí ẹni tó kà á sí igbó. Ilẹ̀ onílé ni wọ́n ń pè é.

Àwọn ilẹ̀ mìíràn ti jẹ irú ìyà yìí rí. Ní Mati, létí òkun nítòsí Athens ní ilẹ̀ Gíríìsì, iná dé ní ọjọ́ 23 oṣù keje 2018, èèyàn 104 ló sì bá a lọ. Wọ́n ti kọ́ ilé síbẹ̀ láàárín igi páìnì fún ọ̀pọ̀ ọdún, púpọ̀ nínú rẹ̀ láìsí ètò ìlú tó nítumọ̀. Ọ̀nà tóóró, òmíràn ò já síbi kankan, ọgbà àwọn onílé sì dí ọ̀nà tó lọ sí etí òkun. Wọ́n rí òkú èèyàn 26 lójú kan, òkun kò sì jìnnà sí wọn. Wọ́n ń sá lọ síbi omi, wọn ò mọ ọ̀nà tó já síbẹ̀. Nígbàkígbà tí mo bá rí ẹ̀sìtéètì tuntun tí ó ní géètì kan ṣoṣo, tí gbogbo ojúlé rẹ̀ parí síbi ògiri, Mati ló ń wá sí mi lọ́kàn. Olè ni a torí rẹ̀ ti ọ̀nà yòókù pa. Iná kì í gba ẹnu géètì wọlé.

Ti Lahaina, ní erékùṣù Maui ní Hawaii, tún kàn wá lọ́nà mìíràn. Ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ 2023 ni, nǹkan bí 100 èèyàn ló kú. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin ìrèké tẹ́lẹ̀ yí ìlú náà ká. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìrèké kógbá sílé, koríko gba gbogbo ilẹ̀ náà, wáyà iná mànàmáná já sí i nígbà tí ìjì ń jà, ìlú sì jóná. Àwọn koríko tó hù níbẹ̀ kì í ṣe ti Hawaii. Láti ilẹ̀ Áfíríkà ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, koríko gíni sì wà lára wọn, irú èyí tó ń hù létí ọ̀nà wa níbí. Koríko tó jó Lahaina, ìbátan èyí tó wà lẹ́yìn ilé wa ni.

Àwọn kan ti fi òfin dáhùn. Lẹ́yìn iná Pedrógão Grande ní Pọ́túgà, níbi tí èèyàn 66 kú sí ní 2017, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin pé kí wọ́n máa ro mítà 50 yí ilé ká, àti mítà 100 yí abúlé ká. Bí onílẹ̀ ò bá ro ó, ìjọba ìbílẹ̀ lè ro ó kí ó sì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ní Paradise, Kalifóníà, tí iná pa èèyàn 85 ní 2018, nǹkan bí ìdajì ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn òfin ìkọ́lé 2008, èyí tó jẹ mọ́ iná pápá, ló yè bọ́. Nínú àwọn tó ti wà ṣáájú, kò tó ọ̀kan nínú márùn-ún.

Níbí, agbára wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Òfin Ilẹ̀ 1978 ti fi ilẹ̀ sábẹ́ àbójútó gómìnà. Ní 2003, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ọ́ kedere pé ọ̀rọ̀ ètò ìlú, ti ìpínlẹ̀ ni, kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀. Nítorí náà, kò sí ẹni tí a ń dúró dè ní Àbújá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé mọ̀lẹ́bí onílẹ̀ á pe sọfíyọ̀, wọ́n á gé oko bàbá wọn sí púlọ́ọ̀tì, wọ́n á tà á tán, àwọn ará town planning á wá dé nígbà tí ilé ti dé òrùlé. Bí ẹni tó ń kọ́lé bá tilẹ̀ lọ gba ìwé àṣẹ, ilé tirẹ̀ nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò: ó ha fi àyè sílẹ̀ síwájú bí? Ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí? Kò sí ẹni tó ń bi í pé kí ló wà lẹ́yìn ọgbà.

Ìbàdàn mọ bí a ṣe ń fi ẹ̀mí kọ́ ẹ̀kọ́ lórí ilẹ̀. Omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, àti ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, ló jẹ́ kí gbogbo ènìyàn gbà pé a kò gbọdọ̀ kọ́lé sí etí odò. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní 2024, ohun abúgbàmù tí àwọn awakùsà kó pa mọ́ sínú ilé kan ní Bódìjà bú gbàù, ó pa èèyàn, ó sì wó ilé káàkiri. Ohun tí kò yẹ kó wà láàárín ilé ló wà láàárín ilé. Lórí omi, a ti ní àyè tí òfin ní kí a fi sílẹ̀. Lórí iná pápá, a kò tíì ní in, mi ò sì rí ìdí tó fi yẹ kí a dúró de òkú kí a tó ní in.

Báwo ló ṣe máa rí? Àyè tí a fi sílẹ̀ fún odò lè ṣe iṣẹ́ méjì. Ẹ lọ wo ibi tí àwọn èèyàn ti ń dá àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: ewédú, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbogbo rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ nínú oṣù kejì nígbà tí òkè ti gbẹ. Bí iná bá ń bọ̀ láti òdìkejì, ibẹ̀ ló máa kú sí. Bí léáòtù bá fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí àárín igbó àti ilé, tí wọ́n sì fún àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní ìwé pé kí wọ́n máa lò ó, ààbò ti wà, oúnjẹ ti wà, ilẹ̀ náà ò sì ṣófo fún ajagungbalẹ̀. Níbi tí kò sí omi, pápá bọ́ọ̀lù, ọgbà ilé ìwé, ọ̀nà ńlá tàbí itẹ́ òkú lè wà ní etí tó kọjú sí igbó, dípò kí wọ́n máa há wọn sí àárín, kí wọ́n sì ti ilé síta kó lọ kojú iná. Abẹ́ wáyà high tension náà wà níbẹ̀. Ilẹ̀ tí òfin ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún wáyà 330kV fẹ̀ tó mítà 50, ti 132kV sì jẹ́ mítà 30. Bí wọ́n bá ń ro ó dáadáa, ààlà tí iná kò lè rọrùn fò ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ kìlómítà. Bí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀ fún èèsún, ọ̀nà tí iná ń gbà wọ ìlú ni.

Ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ bíi pé mo ní kí a gé igi. Ìlú wa ti gbóná tó. Igi tó ní ibòji ń dí koríko lọ́wọ́, Olókemejì ti fi hàn bẹ́ẹ̀. Igbó IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ti ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Jẹ́ríkò, àti èyí tó yí adágún Ẹlẹ́yẹlé ká, ìṣúra ìlú ni wọ́n. Iná tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé wa ló ń halẹ̀ mọ́ wọn. Igi tíìkì ló gba ìṣọ́ra, irú èyí tó wà nínú igbó ọba Gáńbàrí: ó máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé rẹ̀ sì fẹ̀, á bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹní. Wọn ò gbọdọ̀ ta púlọ́ọ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú oko igi bẹ́ẹ̀ láìsí ọ̀nà gbòòrò láàárín.

Mo mọ ohun tí àwọn onílẹ̀ máa sọ: mítà 30 jẹ́ púlọ́ọ̀tì mélòó, ta ló máa san án? Ìbéèrè gidi ni. Èsì mi ni pé kí ìjọba gbà á nígbà tí ilẹ̀ ṣì jẹ́ oko, tí owó rẹ̀ kò tíì ga. Ẹ wo òpópónà àyíká Ìbàdàn, kìlómítà 110 tó ń la oko àti abúlé kọjá. Ibi tí ọ̀nà bá dé ni púlọ́ọ̀tì ń dé. Bí ètò ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yẹn bá jáde kí àwọn olùtajà tó pín in tán, àyè iná á wà nínú rẹ̀ láìgbówó lérí. Lẹ́yìn tí ilé bá ti dé ibẹ̀, wíwó ló kù, a sì mọ irú ẹkún tó ń tẹ̀ lé e.

Ti púlọ́ọ̀tì tó ṣófo kò nílò ọdún púpọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ lè fi àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn onílé mọ ẹni tó ni ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ kí oṣù kọkànlá tó parí, kí ẹni tí kò bá ro tirẹ̀ san owó iṣẹ́ náà. Kí wọ́n ro ó o, kì í ṣe kí wọ́n sun ún. Àwọn abúlé àtijọ́ tí ìlú lọ bá lórí ilẹ̀ wọn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́, nítorí àwọn ni ọ̀nà wọn tóóró jù, àwọn ni kànga wọn sì ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Baálẹ̀ wọn náà mọ ìgbà tí ó yẹ kí pápá jó àti ẹni tó yẹ kó dúró tì í. Kí àwọn tó ń ya pílánì lọ jókòó tì wọ́n kí wọ́n tó fa ìlà kankan.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ lọ́dún yìí, kí ó ní kí wọ́n fi léáòtù hàn òun, kì í ṣe sọ́fè púlọ́ọ̀tì rẹ̀ nìkan. Kí ó wo iye ọ̀nà tó jáde nínú rẹ̀, bóyá ọkọ̀ panápaná lè yípo níbẹ̀, kí ni wọ́n kọ sí ilẹ̀ tó wà ní etí, ta ló ni púlọ́ọ̀tì ẹ̀yìn, àti ibi tí omi wà nínú oṣù kejì. Kí ó sì lọ wo ilẹ̀ náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kì í ṣe nígbà òjò tí gbogbo nǹkan tutù. Bí ẹni tó ń ta ilẹ̀ kò bá rí èsì fọ̀, kó má tíì sanwó.